Orúkọ Tí Mo Gbé Bọ̀ Láti Kíláàsì

Láti ìgbà tí ọmọ mi ti kú, n kò lè jókòó pẹ́ lójú kan mọ́. Bí mo bá jókòó, ẹsẹ̀ mi á máa gbọ̀n bí ẹni pé ọkọ̀ ń dúró dè mí níta. Mo máa ń rìn láti ilé wa ní Kubwa lọ sí ẹ̀bá títì ńlá, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń wọkọ̀ lọ sígboro, torí pé ibẹ̀ ni òun náà ti máa ń wọkọ̀ láràárọ̀. Ibẹ̀ náà ló ti wọ èyí tí kò gbé e dé ibi iṣẹ́. Àwọn awakọ̀ ibẹ̀ mọ̀ mí. Èmi náà mọ orúkọ wọn, àti ti ìyàwó wọn, àti ti àwọn ọmọ wọn, nítorí mo máa ń béèrè. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ kì í sọnù lọ́wọ́ mi. Síbẹ̀ n kò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn síhìn-ín. Bí mo bá kọ ti ẹnìkan, màá ní láti kọ ti ọmọ mi, ọwọ́ mi kò sì tíì gbà á.

Nígbà tó kú, ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún. Nígbà tó bí, obìnrin ló bí. Nílé wa, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti ní orúkọ kó tó dé ayé: Bàbárímisá. Bàbá rí mi, ó sì sá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń dáko ní Bwari pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ náà gan-an, kò tíì béèrè bí ara ìyá ọmọ ṣe rí.

"Ọ̀kun o," ó kí mi bí a ti ń kí ara wa nílé. "Ṣé ẹ ti ń pè é ní orúkọ rẹ̀?"

"Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kò tíì pé, ẹ̀gbọ́n mi."

"Kí ni ìyẹn kan orúkọ tó mú wá láti ọ̀run? Ìwọ ni bàbá bàbá rẹ̀. Ẹnu rẹ ni gbogbo ilé ń wò."

Òótọ́ ló sọ. Nílé wa, bàbá ọmọ ló máa ń sọ orúkọ sí àgbà létí lọ́jọ́ náà. Àgbà á wá gbé ọmọ lọ́wọ́, á pe orúkọ náà sókè, gbogbo ilé á pè é tẹ̀ lé e. Èmi ni àgbà. Ẹni tó yẹ kó sọ ọ́ sí mi létí ni kò sí.

Mo wọlé tọ ìyàwó ọmọ mi lọ. Ó ń fi òróró pa ọmọ lára. Ọmọ Èkìtì ni, tíṣà ni, kì í gbé ohùn sókè.

"Ìyàwó wa, o mọ orúkọ tí ọmọ yìí yóò jẹ́."

"Bàbá, ẹ má bínú. Ọmọ mi ò ní jẹ́ ìyẹn."

"Kí ló dé?"

"Bàbá rẹ̀ ò sá. Bàbá rẹ̀ wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ni." Ó fi aṣọ wé ọmọ náà. "Ẹ jókòó, Bàbá. Nǹkan kan wà tí mo fẹ́—"

Mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi, n kò dúró gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń wá nínú orúkọ náà. Wọ́n ti fi ẹlòmíì sórí àga ọmọ mi ní ọ́fíìsì. Wọ́n ti pín aṣọ rẹ̀. Bí ọmọ bá jẹ́ Bàbárímisá, ẹni tó bá gbọ́ ọ á béèrè pé, bàbá wo nìyẹn? Èmi á sì sọ fún un. Mo sì fẹ́ kí Ọlọ́run náà máa gbọ́ ọ láràárọ̀, bí a bá ti ń pè é.

Ọjọ́ Ìsinmi dé, mo lọ sí kíláàsì àwọn àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Obìnrin Ìjẹ̀bú kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ló ń kọ́ wa, a sì máa ń bẹ̀rù rẹ̀ bí ẹni pé a ṣì wà lábẹ́ rẹ̀ ní ọ́fíìsì. Ọ̀rọ̀ wòlíì Hóséà la wà. Ó ní Ọlọ́run bínú sí Ísírẹ́lì, ó wá pàṣẹ pé kí wòlíì náà fi ìdájọ́ wọn sọ àwọn ọmọ tirẹ̀ lórúkọ. Ó ní kó pe ọmọbìnrin rẹ̀ ní Aláìrí-àánú. Ó ní kó pe ọmọkùnrin tó tẹ̀ lé e ní Kì-í-ṣe-ènìyàn-mi.

Ọ̀gbẹ́ni tó jókòó tì mí, tó máa ń tún wáyà iná ṣe, pariwo: "Kai! Ìyá wọn ò sì sọ̀rọ̀? Ìyàwó tèmi ìbá ti kó ẹrù rẹ̀ jáde!"

"Ẹ̀yin ni ẹrù yín ìbá wà níta," tíṣà dá a lóhùn. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló fi ìbànújẹ́ sọ ọmọ jòjòló lórúkọ! Kí ni mo tún ń dúró gbọ́? Mo dìde, mo jáde, wọ́n ṣì ń kàwé lọ lẹ́yìn mi.

Mo délé, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, mo sọ ọ̀rọ̀ Hóséà fún ìyàwó wa. Mo ní ọmọbìnrin wòlíì náà kò sọ pé òun ò jẹ́ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́.

Ó béèrè pé, "Báwo ni ìyá rẹ̀ ṣe máa ń pè é wá jẹun, Bàbá?"

Mo tún jáde.

Ní ẹ̀bá títì, mo ní kí n dán orúkọ náà wò. Mo pè é bí a ti ń pe ọmọ tó ń ṣeré níta: "Bàbárímisá! Wá jẹun!" Ọmọ Hausa tó ń po tíì níbẹ̀ gbójú sókè. "Sànnu, Bàbá," ó ní, ó sì béèrè ní èdè rẹ̀ ẹni tí mò ń pè. Mo ní ọmọ ọmọ mi ni. Ó yíjú sí títì láti bá mi wò ó. Ọkọ̀ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró, àwọn òṣìṣẹ́ ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́, mo sì rí i pé ojú wọn ni mò ń wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ ọmọ ni mo pè. Bàbá rẹ̀ ni mò ń wá.

Láti ibẹ̀ mo gba ilé tíṣà kíláàsì wa lọ.

"Bàbá tó sá ní kíláàsì," ó ní. "Ẹ jókòó."

"Ẹ jẹ́ kí n dúró, Màmá. Ọmọbìnrin wòlíì yẹn, ṣé orúkọ yẹn ló jẹ́ títí tó fi kú?"

"Rárá o. Ọlọ́run ní kí wọ́n máa pè é ní Ẹni-tó-rí-àánú."

"Ọmọ kan náà?"

"Ọmọ kan náà."

"Ta ló yí i padà?"

"Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ náà ni."

"Ìdájọ́ yẹn wá ńkọ́? Ṣé kò ṣẹ mọ́?"

"Ó ṣẹ. Ojú wọn rí nǹkan. Ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀."

"Ibi tí ẹ ti rí ìyẹn, ṣé ó jìnnà sí ibi tí mo ti dìde?"

Ó gbé ìwé náà sún mọ́ mi. "Ojú ewé kan náà ni, Bàbá."

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ẹ̀gbọ́n mi ti Bwari dé pẹ̀lú iṣu, ó sì jókòó síwájú. Wọ́n gbé oyin àti iyọ̀ kalẹ̀. Wọ́n gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́.

"Pè é," ẹ̀gbọ́n mi wí.

Mo yíjú sí ìyàwó ọmọ mi. "Sọ ọ́ sí mi létí."

Obìnrin kan kò ṣe é rí nílé wa. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó kọ́kọ́ dúró.

"Kí lẹ̀yin méjèèjì ń ṣe níbẹ̀ yẹn?" ẹ̀gbọ́n mi béèrè.

Ìyàwó wa sún mọ́ mi. Ó sọ orúkọ kan, ó wá ní, "Bàbá rẹ̀ ló yàn án. Ó ní bó bá ṣe obìnrin, òun á sọ ọ́ sí yín létí."

"O kò sọ fún mi!"

"Ẹ ò jókòó, Bàbá."

Mo pè é. Ohùn mi kò lọ sókè tó, mo tún un pè. Ilé dáhùn. Ẹ̀gbọ́n mi ló pè é kẹ́yìn, ó sì fajú ro. Títí di òní, Bàbárímisá ló ń pè é lórí fóònù, ìyá rẹ̀ kì í sì í bá a jà.

Nígbà tí àwọn èèyàn ń jẹun, mo gbé ọmọ náà lọ sẹ́yìn ilé, mo jókòó sórí àpótí. Ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bó ti máa ń ṣe. Mo fẹ́ dìde. Ṣùgbọ́n lójú ọmọ náà, ó dà bí ẹni pé mò ń rẹ̀ ẹ́ kó lè sùn. Orí itan mi tó ń gbọ̀n náà ló sùn sí.