Ohun tí asẹ́ epo ọkọ̀ ọmọ mi gbé mì

Iná yẹ́lò kan tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ ọmọ mi ní aago méje àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àwòrán rẹ̀ dà bí ife tí omi ń kán lábẹ́ rẹ̀. Mo ní kó pa ọkọ̀ náà kíá, kó bọ́ sílẹ̀, kó sì jìnnà sí i. Ó pa á, àmọ́ kò jìnnà. Ìwé ọkọ̀ ló mú jáde tó ń kà.

“Mọ́mì, omi ló wọ inú asẹ́ epo. Kì í ṣe bọ́ǹbù.”

Píkọ́ọ̀pù tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì ni ọmọbìnrin mi yìí fi ń kó ẹrù oko. Lọ́jọ́ náà, àgbẹ̀ kan ní Òjòkú ti wa iṣu sílẹ̀ dè é. Àgbẹ̀ yìí kò gbé iṣẹ́ fún un rí, ó sì ti sọ ọ́ gbangba pé bí òun kò bá rí ọkọ̀ kó tó di aago méjìlá, òun á pe ọkùnrin tó ń bá òun kó o tẹ́lẹ̀. Ọmọ mi fẹ́ iṣẹ́ yẹn gan-an. Èmi náà fẹ́ ẹ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bó bá ṣe tèmi ni, kò ní wakọ̀ kọjá ìta ilé wa.

“Ilé epo tá a ti ra dísẹ́ẹ̀lì yẹn ni!” ni mo wí. “Omi ni wọ́n ń lú mọ́ epo. Jẹ́ kí n wọ bàtà, kí n lọ bá wọn.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ bàtà. Ẹ bá mi pe Alàájì.”

Alàájì ni mẹkáníìkì ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà rélùwéè, tó ti ń tún ọkọ̀ ṣe kí n tó bí ọmọ náà. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wo ẹ̀yìn bátìrì. Kò rí asẹ́.

“Ibí yìí ni wọ́n ń gbé e sí nínú àwọn píkọ́ọ̀pù àtijọ́. Èyí ò ní.”

“Ó ní, Alàájì. Ìwé sọ bẹ́ẹ̀.”

“Bó bá ní, ẹ jẹ́ ká wá a kàn, ká yọ ọ́ sọnù, ká so rọ́bà epo pọ̀ tààrà. Wàhálà tán. Bí mo ṣe ń ṣe é fáwọn onítákísì nìyẹn, ọkọ̀ wọn ò sì kú.”

“Kò kú, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ là ń bá wọn tì í,” ni ọmọ mi wí.

Ọmọ mi tẹ́ ẹní tí mo fi ń sá èlùbọ́ sílẹ̀, ó wọ abẹ́ ọkọ̀. Asẹ́ náà wà lábẹ́ ìjókòó awakọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin gígùn tó gbé ara ọkọ̀ ró. Alàájì náà rá wọ ibẹ̀ lọ wò ó.

“Ta ló gbé e pamọ́ síbí? Olè ni wọ́n ń sá fún?”

Mi ò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án títí ẹ́ńjìnnì fi tutù. Mo fi aago wọn ogún ìṣẹ́jú, mo sì fi òkúta dí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

“Mọ́mì, ọkọ̀ yìí ò ní sá lọ,” ni Alàájì wí. “Ìyẹn gan-an ni ẹjọ́ tá a wá dá.”

Ó tú ìdérí kékeré ìsàlẹ̀ asẹ́, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì dà sínú ìgò jáàmù tí mo gbé fún un. Dísẹ́ẹ̀lì léfòó, omi jókòó sísàlẹ̀. Lábẹ́ omi náà, nǹkan funfun kan rọ̀ sídìí ìgò. Alàájì gbé e sójú oòrùn.

“Ẹ jọ̀ọ́, ilé epo wo ló ń ta ògì?”

Mo ní mo fẹ́ lọ ká aṣọ orí okùn.

Òótọ́ rèé. Ní ìrọ̀lẹ́ àná, nígbà tí ọmọ mi ń wẹ̀, mo fi aṣọ tí mo fi ń sẹ́ ògì bo ẹnu àrọ, mo sì sẹ́ dísẹ́ẹ̀lì kẹ́ẹ̀gì méjì sínú táǹkì, kí ìdọ̀tí má baà wọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Mo ṣan aṣọ náà kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo tún ṣan án lẹ́yìn kẹ́ẹ̀gì àkọ́kọ́. Ohun tí mi ò ṣe ni pé mi ò dúró kó gbẹ.

“Mọ́mì, aṣọ yín ń run dísẹ́ẹ̀lì,” ni ọmọ mi wí nígbà tí mo ká a bọ̀.

“Aṣọ wo?”

“Èyí tẹ́ ẹ fi pamọ́ sẹ́yìn yẹn.”

Alàájì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé táyà. “Àwa ń wá asẹ́ kiri, Mọ́mì ti ní tiwọn nílé!”

Ọmọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó wo aago, ó sì fa asẹ́ tuntun jáde lẹ́yìn ìjókòó. Èmi ni mo fipá mú un rà á lọ́jọ́ tó ra ọkọ̀, mo sì rán an létí ẹ̀ẹ̀mejì. Alàájì tú ìdí táǹkì kí omi tó kù jáde, ó pààrọ̀ asẹ́, ọmọ mi sì ń tẹ ohun tí wọ́n fi ń fa epo wọ inú rẹ̀ títí ó fi le lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì jí. Iná yẹ́lò kú.

Alàájì gbé asẹ́ àtijọ́ sọ́wọ́, kò sì sọ ọ̀rọ̀ síso rọ́bà pọ̀ mọ́. “Mọ́mì, èyí ló gba ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ yín.”

Ọmọ mi dé Òjòkú ní aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Mo mọ̀, torí mo pè é lẹ́ẹ̀mẹrin, ìgbà tó dúró ló tó gbé e. Mo ń gbọ́ ohùn àgbẹ̀ náà lẹ́yìn rẹ̀, pé kí wọ́n rọra to iṣu òun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ tó ń wa píkọ́ọ̀pù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a wo ibi tí asẹ́ epo rẹ̀ wà kí iná yẹn tó tàn, kí ẹ sì fi aṣọ ògì sílẹ̀ fún ògì.