Bí Pijó Alátọ́bò Ṣe Gun Òkè Ẹ-Sọ̀kalẹ̀

Sámúẹ́lì ọmọ Ìyàrà, ẹni tí a jọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Kàbà, ni ó ṣẹ̀ mí. Ọjọ́ tí ó ṣẹ̀ mí ni Sátidé tí a ṣe fìdáù ogójì ọjọ́ fún ọ̀gá wa, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, nígbà tí àwọn ènìyàn ń jẹun lọ́wọ́. Akẹ́rù ńlá kan gba ojú títì kọjá, tọ́bò rẹ̀ sì ń súfèé bí ẹyẹ òwúrọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bèèrè ohun tí ń dún bẹ́ẹ̀. Sámúẹ́lì fi ọwọ́ lu àyà, ó ní, "Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ mú un ṣiṣẹ́ lára ọkọ̀ elépo bẹntiróòlù ní gbogbo ilẹ̀ yìí. Bí ọ̀gá bá wà láàyè, wọn á jẹ́rìí mi." Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹran wà lẹ́nu èmi. N kò lè gbé e mì, n kò sì lè tu ú dànù.

Ìwé mẹ́rin ni mo kà mọ, nítorí náà ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ fara balẹ̀ kà mí, bí èmi náà ti fara balẹ̀ kọ ọ́.

Ìgbà náà, Ìlọrin ni ìjọba wa wà, orúkọ Kwara ni ó sì wà lára nọ́ńbà gbogbo ọkọ̀ wa. Abẹ́ igi ìgbá ni Ọ̀gá Múmúní ti ń tún ọkọ̀ ṣe, ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú fún epo débi pé òjò kì í wọ inú rẹ̀. Orí ẹní kan ni èmi àti Sámúẹ́lì ń sùn, inú àwo kan ni a ti ń jẹun. Òun ní ń sọ ìtàn, èmi ní ń rẹ́rìn-ín. Bí ó bá ti rí i pé ẹ̀rín ti gbà mí lọ́kàn, á mú ẹran.

Ọ̀gá ní Pijó kan tí ó fi ń kó iṣu láti Ẹ̀kìnrìn-Àdé wá sí ọjà Kàbà. Ọkọ̀ náà ti gbó tó bẹ́ẹ̀ tí ewúrẹ́ kì í sáré fún un mọ́. Òkè kan wà lójú ọ̀nà náà tí àwa onímọ́tò ń pè ní Ẹ-Sọ̀kalẹ̀, nítorí bí ọkọ̀ bá ti dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, gbogbo èrò ni yóò bọ́ sílẹ̀. Àwọn ìyá yóò gbé ọmọ pọ̀n, wọn yóò máa fi ẹsẹ̀ gun òkè lẹ́yìn ọkọ̀, èmi yóò sì máa gbé òkúta tẹ̀ lé táyà, kí ọkọ̀ má baà fà sẹ́yìn. Kò sí ẹni tí ń bínú. Bí a ṣe ń rin ọ̀nà nìyẹn.

Akẹ́rù kan ṣubú sínú kòtò létí odò, wọ́n sì tú u tà. Tọ́bò rẹ̀ ni ọ̀gá rà. Ó ká bí ìkarahun ìgbín, abẹ̀bẹ̀ irin méjì sì wà nínú rẹ̀. Èéfín tí ń jáde láti inú ẹ́ńjìnnì yóò yí ọ̀kan, ìyẹn yóò yí èkejì, èkejì yóò sì máa fi agbára fẹ́ atẹ́gùn tuntun wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ara ọkọ̀ ńlá tí ń lo epo dísù ni gbogbo ènìyàn ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ọ̀gá ní Pijó ni òun yóò jó o mọ́, àwọn awakọ̀ kó ẹ̀rín bò ó.

"Múmúní, ṣé bàálù lo fẹ́ sọ ọ́ dà ni?"

"Má gbàgbé láti ra ìyẹ́ fún un o!"

A jó o pọ̀, a so ó mọ́ ẹnu kabúrétọ̀, níbi tí epo àti atẹ́gùn ti ń pò pọ̀ kí wọ́n tó wọ ẹ́ńjìnnì. Lórí ilẹ̀ títẹ́, ọkọ̀ náà dára. Ṣùgbọ́n bí tọ́bò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí súfèé, tí a sì ń retí agbára, ọkọ̀ yóò wúkọ́, yóò sì kú. Sámúẹ́lì ní epo ni kò tó. Ó fi sípóòkù kẹ̀kẹ́ fẹ ihò tóóró tí epo ń gbà nínú kabúrétọ̀. Èéfín dúdú tí ó tú jáde bo àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì tí ń kọjá lọ nínú aṣọ funfun, wọ́n sì kúrò níbẹ̀ bí ẹni tí ó yọ nínú ààrò. Ọkọ̀ náà ṣì kú.

Ọ̀gá ní, "Tí ó bá tún kú lórí òkè lọ́jọ́ ọjà tí ń bọ̀, mo ta á fún àwọn oníirin nìyẹn. Kí ẹ̀yin méjèèjì padà sí oko bàbá yín."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, nítorí n kò ní oko kankan nínú ọkàn mi. Sámúẹ́lì gba ààyè, ó lọ sí ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìyàrà. Èmi lọ sọ́dọ̀ ìyá mi tí ń ta òróró ẹ̀pà níwájú ilé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìṣó lu ojú kan sí agolo òróró, òróró náà sì ń já wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń dúró, ó ń wúkọ́.

"O kàn ń wò mí ni? Lu ojú kejì fún un, kí ó lè mí! Tí mo bá di imú rẹ, ṣé wàá lè gbé omi mì?"

Mo lu ojú kejì, òróró ṣàn gbooro. Mo ju ìṣó sílẹ̀, mo sì sáré. Mo gbọ́ ohùn ìyá mi lẹ́yìn, "Kí ló ta á?"

Mo sọ fún ọ̀gá pé atẹ́gùn tọ́bò ń ti epo padà sínú ìkòkò rẹ̀ nínú kabúrétọ̀, nítorí pé atẹ́gùn iwájú epo lágbára ju ti ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí a fún ẹ̀yìn epo náà ní irú atẹ́gùn kan náà." Ọ̀gá ta eyín rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ó ní, "Lọ mú páìpù bírèkì wá." Mo tẹ̀ ẹ́ láti ẹnu tọ́bò lọ sí ìkòkò epo náà. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ fa òmíràn lọ sí ẹ̀yìn pọ́ńpù epo, ó ní, "Bí a bá bọ́ ọmọ, ẹ jẹ́ kí a bọ́ ìyá rẹ̀ pẹ̀lú."

Òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà ni Sámúẹ́lì dé, ó sì jókòó síwájú. Èmi wà lórí iṣu. Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀ òkè, ọ̀gá rọra láti pa jíà dà, àwọn ìyá sì bọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n bọ́. Ọ̀gá tẹ iná. Tọ́bò súfèé, mo di iṣu mú, mo ń retí ikọ́. Ikọ́ kò wá. Pijó gbé orí sókè, ó sì ń lọ!

"Ẹ dúró dè wá o!"

"Àkùkọ mi!" Ìyá Dáre ni, obìnrin Ẹ̀kìnrìn-Àdé, tí adìẹ rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ mi. "Àkùkọ mi ti lọ sí Kàbà láìsí èmi!"

A bá akẹ́rù ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ tí ń fi wá ṣẹ̀sín ní ìdajì òkè, ó ń rá pálá. Awakọ̀ rẹ̀ yọ orí síta, ó ṣí fìlà, ó sì kí ọ̀gá bí a ti ń kíni nílẹ̀ wa. "Òkun o, Múmúní!" A kọjá lára rẹ̀.

Lókè, a dúró de àwọn ìyá. Nígbà tí gbogbo wọn dé, tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí wọ́n sì ń bú wa tẹ̀ríntẹ̀rín, ọ̀gá gbé ọwọ́ elépo lé mi lórí. Ó ní, "Ọmọ yìí ló fún un ní èémí." Sámúẹ́lì ni ó kọ́kọ́ hó yèè. Òun ni ó gbé mi lé èjìká, ó ń jó káàkiri ọkọ̀. N kò tíì tún ga tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Wọ́n ti gé òkè yẹn báyìí, wọ́n da ọ̀dà sí i. Ọmọdé yóò sùn kọjá níbẹ̀. Kogi ni a wà. Láti òkè òkun ni ọkọ̀ ti ń gbé tọ́bò wá, kọ̀ǹpútà ní ń bá a wọn epo. Síbẹ̀, epo kò tíì kọ́ bí a ṣe ń ṣàn láìmí, ènìyàn pàápàá kò sì tíì kọ́ ọ.

Nígbà tí èrò túká lọ́jọ́ fìdáù, mo pe Sámúẹ́lì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó gbá mi lẹ́yìn, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ àtijọ́. Ṣebí àwa méjèèjì la ṣe é?"

Ní ìkọ̀kọ̀, ó ní "àwa". Níwájú èrò, ó ní "èmi". N kò fẹ́ kí a bú u, nítorí èjìká rẹ̀ ni ó gbé mi. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ó pe àwọn èrò ọjọ́ náà padà, kí ó sì sọ ti ìkọ̀kọ̀ fún wọn. Ìyá Dáre ṣì wà láàyè, etí rẹ̀ sì mọ́. Ẹ lè bi í léèrè. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin tí ẹ ti kà mí dé ìhín, ẹ bá wa dá ẹjọ́ náà.