Ohun Tó Ń Dún Lábẹ́ Ọkọ̀

Ìyàwó mi ló ni ọkọ̀ náà. Agbẹ̀bí ni, ó sì fi ọkọ̀ yẹn ṣiṣẹ́ káàkiri àwọn abúlé tó yí Ifangni ká títí ó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ó rà á, ọkọ̀ náà ti dàgbà. Ẹlòmíràn ti lò ó gbó ní òkè òkun kí wọ́n tó gbé e dé èbúté Kọ̀tọ́nù. Èmi kò fẹ́ràn ọkọ̀ wíwà. Tíṣà ni mí, ẹsẹ̀ ni mo fi ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ibi tí ẹsẹ̀ kò bá lè dé, òun ló ń gbé mi lọ.

Ní nǹkan bí ọdún méjì kí ìyàwó mi tó kú, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í dún lábẹ́ ọkọ̀ náà. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn da èkùrọ́ díẹ̀ sínú agolo tó wá ń mì ín. Bí ó bá ti yà kúrò lójú títì ọlọ́dà, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń ta bẹntiróòlù nínú ìgò, mo ti ń gbọ́ ọ láti inú ilé. Màá dìde, màá gbé omi ìwẹ̀ rẹ̀ kaná. A kò sọ̀rọ̀ nípa omi náà rí. Nígbà tí ó bá fi máa dé, tí ó máa kí àwọn aládùúgbò tán, omi á ti lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ fún mi pé nǹkan ń ṣe ọkọ̀ náà. Nígbà àkọ́kọ́, ó ní ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Mo ní epo tí wọ́n ń gbé kọjá ẹnubodè ló fà á, pé gbogbo ọkọ̀ Ifangni ló ń rùn bẹ́ẹ̀. Nígbà kejì, ó ní kò lágbára mọ́, pé alùpùpù tó di àpò gààrí sẹ́yìn ń kọjá òun lórí gegele. Ìwé ni mò ń kà lọ́wọ́. Mo dáhùn pé kí ó máa rọra tẹ̀ ẹ́. Kò sọ ọ́ nígbà kẹta.

Ó kú ní ìgbà òjò, lẹ́yìn àìsàn ọjọ́ mọ́kànlá. Mi ò ní kọ nípa ọjọ́ mọ́kànlá yẹn níhìn-ín.

Ìyá rẹ̀ ń gbé ní Tchaada. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ sì ti bàjẹ́ débi pé òjìji nìkan ló ń rí. Oṣooṣù ni ìyàwó mi máa ń gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní Àjàṣẹ́. Nígbà tí ó ku ọjọ́ méjì kí ó dákẹ́, ó bẹ̀ mí pé kí n má jẹ́ kí ìyá òun pàdánù ọjọ́ dókítà. Mo ṣèlérí fún un.

Ìyá kò sí níbi ìsìnkú. Nílẹ̀ wa, òbí kì í dé ibi tí wọ́n ti ń sin ọmọ rẹ̀, a kì í sì í fi ibojì ọmọ han òbí. Àwọn àgbà ilé lọ túfọ̀ fún un ní Tchaada, wọ́n jókòó tì í, wọ́n sì padà. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni wọ́n fún un.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, mo wakọ̀ lọ gbé e. Mo yà sójú ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ pupa, ohun tó wà lábẹ́ ọkọ̀ ń dún. Kí n tó wọ àgbàlá, Ìyá ti dìde lórí àpótí tó jókòó lé. Ó fi ọwọ́ kan ti ògiri, ó kọjú sí ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì ń pe oríkì ọmọ rẹ̀. Mo pa ọkọ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ kí i.

"Ìwọ ni?"

"Èmi ni, Ìyá."

Ó wọlé lọ mú báàgì rẹ̀. Abọ́ kan wà lórí pèpéle, ó fi àwo dé e. Ẹ̀kọ àti ẹja díndín ló wà nínú rẹ̀, èyí tí ìyàwó mi máa ń jẹ kí wọ́n tó gbéra. Ìyá kò sọ pé kí n jẹ ẹ́, èmi náà kò wo ọ̀gangan ibẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló rí ní oṣù kejì. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní oṣù kẹta. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n ti wá mẹkaníkì, nítorí ọkọ̀ náà ti ń gbóná jù, ó sì ń fà bí ẹrù. Ṣùgbọ́n mo ń fẹ́ kí Ìyá máa dìde. Àgbàlá yẹn nìkan ló kù láyé tí wọ́n ṣì ti ń retí ìyàwó mi, mo sì ń wakọ̀ lọ síbẹ̀ bí ẹni tó ń gbé e bọ̀.

Ní oṣù kẹrin, dókítà ní òun máa ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú ọ̀tún, pé tí ọjọ́ tí òun dá bá kọjá, ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù nínú ìríran náà lè lọ. Nígbà tí à ń padà bọ̀, ọkọ̀ náà rẹ̀ sílẹ̀ lórí gegele kékeré kan tí kẹ̀kẹ́ lásán lè gùn. Mo tẹ̀ ẹ́ títí, kò lọ. Òórùn yẹn kún inú ọkọ̀. Mo yà sábẹ́ àwọn ọ̀pẹ, mo dúró. Ìyá fi etí gèlè rẹ̀ bo imú.

"Ó ti pẹ́ tó ti ń rùn báyìí," ló wí. "Ọmọ mi sọ fún mi. Ó ní òun ti bá ọ sọ ọ́."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. A jókòó síbẹ̀ títí ẹ́ńjìnì fi tutù, a sì rọra wọ́ délé.

Mẹkaníkì tí mo lọ bá ní ọ̀nà Daagbé ti fìgbà kan jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi. Orí rẹ̀ ti ń pá báyìí, síbẹ̀ Mẹ́tírì ló ṣì ń pè mí, bí a ti ń pe tíṣà nílé ẹ̀kọ́ Faransé. Ó ní òun kò tíì gbàgbé òdo tí mo fún òun nínú ìṣirò, pé ẹ wo bí ayé ṣe rí, ọ̀dọ̀ olódo ni mo gbé ọkọ̀ wá.

Ó ní kí n tẹ epo, ó sì na ọwọ́ sẹ́nu páìpù èéfín. Ó ní atẹ́gùn tó ń jáde kò tó èyí tí ènìyàn fi ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná. Ó fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó fi òòlù rọ́bà gbá àpótí irin kan tó wà láàárín ẹ́ńjìnì àti páìpù ìdí. Èkùrọ́ inú agolo náà dún. Ó ní katalisọ̀ nìyẹn, pé inú rẹ̀ dà bí afárá oyin, pé ibẹ̀ ni èéfín ń gbà kọjá kí májèlé inú rẹ̀ lè dínkù. Afárá yẹn ti fọ́, apá kan ti yọ́, ó sì ti dí ọ̀nà. Kí ó lè dá mi lójú, ó tú ibi tí páìpù ti wọ àpótí náà díẹ̀, ó ní kí n wà á yí ọgbà ká. Ọkọ̀ náà pariwo burúkú, ṣùgbọ́n ó sáré bí ó ti ń ṣe nígbà tí a rà á.

"Ṣé ẹ rí i, Mẹ́tírì? Ọkọ̀ yìí kò rí èémí mí ni. Ó fẹ́ mí síta, kò sọ́nà."

Mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí láàárín ọjọ́ mọ́kànlá yẹn. Mo ní kí ó bá mi sọ ọ́ lọ́nà mìíràn. Ó wò mí díẹ̀, ó ní èéfín kò ríbi jáde. Mo ní ó ti yé mi.

Kò fẹ́ fi òmíràn sí i láì mọ ohun tó pa ti àkọ́kọ́. Ó tú àwọn bújì tó ń ṣáná sí epo, ó fi wọ́n hàn mí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan dúdú, epo sì rin ín gbingbin. Kò ṣáná dáadáa mọ́, nítorí náà epo tí kò jó ń ṣàn lọ sínú katalisọ̀, ibẹ̀ ló ti wá ń jó, tó sì ń yọ́ ọ. Ó bi mí pé láti ìgbà wo ló ti ń dún. Mo sọ fún un.

"Háà. Ká ní wọ́n gbé e wá nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rùn ni, bújì kan péré ni à bá pààrọ̀."

Ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ nígbà tí ó ń sọ ọ́. Kò mọ̀ pé ó sọ nǹkan kan.

Ó ní ọ̀pọ̀ ènìyàn níhìn-ín kì í pààrọ̀ katalisọ̀, pé wọ́n máa ń ní kí òun gé e dànù, kí òun jó páìpù gbọọrọ sí ipò rẹ̀. Mo bi í pé èwo ni yóò dún bí ó ṣe ń dún tẹ́lẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ fẹ́ kí n tún ọkọ̀ ṣe, kí ó sì máa dún bí ọkọ̀ tó bàjẹ́?"

Mo bi í bóyá a lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún oṣù kan sí i. Ó ní ó lè kú mọ́ wa lọ́wọ́ lójú ọ̀nà lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, pé àpótí náà sì gbóná tó láti mú kí koríko gbígbẹ gbiná. Mo lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Ọyẹ́ ń fẹ́. Nígbà tó yá, mo padà lọ sọ fún un pé kí ó pààrọ̀ rẹ̀.

Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó rí àlòkù kan tó ṣì dára ní Kọ̀tọ́nù. Ó gbé e sókè kọjú sí ojú ọ̀run kí n lè yọjú wo inú rẹ̀: ihò wẹ́wẹ́ tí kò lóǹkà, ìmọ́lẹ̀ sì wà nínú gbogbo wọn. Àwọn nọ́ọ̀tì ti àtijọ́ ti dípẹtà. Ó da òróró sí wọn, ó fi iná yọ́ wọn, síbẹ̀ méjì kán. Ó pààrọ̀ gbogbo bújì. Nígbà tí ó parí, ó ṣíná sí ọkọ̀, ó ní kí n tẹ́tí sí i. Mo tẹ́tí, mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Ó ti ju katalisọ̀ àtijọ́ sínú àpò ìrẹsì. Ó bi mí bóyá kí òun fi í sọ́dọ̀, nítorí àwọn kan máa ń wá rà á. Mo ní kí ó gbé e sí búùtù ọkọ̀.

Ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, mo wọ àgbàlá Tchaada láàárọ̀. Mo ti rọra wakọ̀, kí ohun tó wà lẹ́yìn má baà dún. Ìyá jókòó lórí àpótí, ó ń fi ọwọ́ wá pàǹtí nínú ẹ̀gúsí. Kò gbé orí sókè. Mo pa ọkọ̀, mo ṣílẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Ọkọ̀ ta lo gbé wá?"

Mo ní ti ọmọ rẹ̀ náà ni, pé wọ́n ti tún un ṣe. Ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ sínú igbá, ó dìde. Abọ́ náà wà lórí pèpéle, àwo bò ó.

A kò tíì jìnnà nígbà tí táyà bọ́ sínú kòtò lójú ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀, tí agolo èkùrọ́ náà sì dún lẹ́yìn wa. Ọwọ́ Ìyá gbá ẹnu ilẹ̀kùn mú. Ó bèèrè ohun tó wà lẹ́yìn. Mo sọ fún un.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Mo yà fún kòtò mìíràn.

"Ní gbogbo ìgbà tí mo bá ti gbọ́ ọ, mo máa ń dìde," ni Ìyá wí. "Mo mọ̀ pé kò sí, síbẹ̀ mo ti máa dìde kí n tó rántí. Má gbé e wá sọ́dọ̀ mi mọ́."

Mo ní kó má bínú. Ó ní òun kò bínú. A dé ojú títì ọlọ́dà, ó sì bi mí.

"Ibo lẹ sin ín sí?"

A kì í sọ ọ́ fún òbí. Mo sọ pé ẹ̀yìn ilé wa ni, lápá ibi tí oòrùn ti ń yọ, lẹ́bàá igi ọsàn.

"Oòrùn kì í pa á jù?"

"Àárọ̀ nìkan ni. Tó bá di ọ̀sán, igi á ṣíji bò ó."

Ó mi orí.

Nígbà tí mo gbé e padà nírọ̀lẹ́, tí wọ́n ti fi báńdéèjì bo ojú ọ̀tún rẹ̀, ó ní kí n jẹ ẹ̀kọ yẹn kí n tó lọ. Ẹja ti gbẹ. Mo jẹ ẹ́ tán.

Mo gba ọ̀dọ̀ mẹkaníkì kọjá, mo gbé àpò náà fún un. Ó tú u sórí àwọn mìíràn tó kó jọ sí kọ̀rọ̀ ọgbà rẹ̀. Mo ti yí padà láti máa lọ nígbà tí mo gbọ́ tó dún lẹ́ẹ̀kan sí i. Mi ò bojú wẹ̀yìn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo padà síbẹ̀, mo purọ́ fún un pé mo fẹ́ kí ó wo bíréèkì. Mo lọ dúró ti òkìtì irin yẹn. Mi ò lè mọ èwo ni tiwa nínú wọn.