Àpò Símẹ́ńtì Méje Tí Ìyàwó Wa Yọ

Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ò tíì rí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Obìnrin náà sanra, ó rẹwà, ó sì lè jowú ilẹ̀kùn tí ọkọ rẹ̀ bá fọwọ́ kàn lẹ́ẹ̀mejì.

Iṣẹ́ kọnkéré ni ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe. Òun ló máa ń da ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà wọlé, láti ẹnu géètì dé iwájú ilé. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n òun àti ìṣirò kì í ṣọ̀rẹ́. Ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ ló ń bá a ṣe é. Tó bá wọn ilẹ̀ tán, á jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì, á ka gígùn, ìbú àti nínípọn rẹ̀. Ìyàwó á máa rán aṣọ lọ, títí táá fi sọ iye àpò símẹ́ńtì tó máa gbà. Kò kọ ọ́ sílẹ̀ rí, kò sì ṣì í rí. Ìyẹn lèmi ń jowú lára wọn, èmi tí ọkọ mi ò gbà pé mo mọ iye iyọ̀ tó yẹ kó wọ ọbẹ̀. Mo ń ránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, nítorí náà ojú mi ni gbogbo rẹ̀ ṣe.

Ìgbà tó yá, nọ́ọ̀sì kan ra ọkọ̀, ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi wá da ọ̀nà sílé òun. Ó ṣèlérí pé bí iṣẹ́ náà bá dáa, òun á mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ òun tó ń kọ́lé. Ẹ̀gbọ́n mi lọ wọn ilẹ̀. Ó tún lọ lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó mú tépù lẹ́ẹ̀kẹta, ìyàwó wa dá maṣíìnì dúró.

"Ilẹ̀ wo ni ẹ ń wọ̀n tí kò tán yìí?"

"Ilẹ̀ ẹnu géètì ló rọ̀. Mo fẹ́ gbẹ́ ẹ wò."

"Ẹ máa gbẹ́ ẹ. Ẹ ṣáà má ríbi jókòó níbẹ̀."

Bó ṣe jáde ló kọjú sí mi. Kì í pe orúkọ mi. "Ìbàdíàrán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bá mi wo obìnrin yẹn."

Mo lọ, torí òfófó ò jẹ́ kí n kọ̀. Obìnrin náà ga, eyín rẹ̀ funfun, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ bá a mu débi pé inú bí èmi gan-an. Mi ò rí ọkọ kankan nílé. Mo padà wá ròyìn, mo sì bù mọ́ ọn díẹ̀. Ìyàwó wa ò jẹun alẹ́ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dé sórí àpótí, ó ní, "Ogójì ẹsẹ̀ bàtà ní gígùn, mẹ́wàá ní ìbú. Nínípọn rẹ̀, ìnǹṣì mẹ́rin, àyàfi ẹnu géètì. Ibẹ̀ máa tó mẹ́fà."

Mo gbọ́ tí ìyàwó wa kùn ún sẹ́nu: mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Àpò mélòó lẹ lè pò lóòjọ́?"

"Kò lè ju ọgbọ̀n lọ."

Ó rán aṣọ díẹ̀ sí i. "Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n," ó wí.

"Ó dáa." Ẹ̀gbọ́n mi ò béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ó dìde, ó lọ ra mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

Mo ní, "Ìyàwó wa, ti ẹnu géètì ńkọ́? Èyí tó máa ń ṣòfò ńkọ́?"

"Ọjọ́ kan ṣoṣo ló máa lò nílé obìnrin yẹn. Kó fà á kárí."

Ọjọ́ Sátidé ni ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ da kọnkéré náà. Àwa méjèèjì gbé omi mímu lọ bá wọn, omi tí ẹnikẹ́ni ò béèrè. Láti iwájú ilé ni wọ́n ti ń dà á bọ̀ wá sí ẹnu géètì. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, àpò tó gbẹ̀yìn tán, ihò ẹnu géètì ṣì lanu sílẹ̀. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù símẹ́ńtì ti tì. Ọkọ̀ nọ́ọ̀sì wà níta, kò rọ́nà wọlé.

Nọ́ọ̀sì jáde. "Ọ̀gá, ta ló ṣírò iṣẹ́ yìí?"

Ẹ̀gbọ́n mi nu òógùn ojú. "Ẹ má bínú. Èmi ni mo ka ìwọ̀n náà sódì fún ìyàwó mi. Ìṣirò tiẹ̀ kì í yẹ̀."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ìyàwó wa ò lè gbójú sókè.

"Ẹ kà á dáadáa. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni. Èmi ni mo yọ méje."

"Nítorí kí ni?" ni ẹ̀gbọ́n mi béèrè.

Ó wo nọ́ọ̀sì láti òkè délẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà kì í ṣe ọmọdé. Ó pàtẹ́wọ́, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Háà! Tèmi lẹ ń rò? Inú ọkọ̀ ojú omi lọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Tó bá wálé, kó tó lo ọjọ́ mẹ́ta ni mo ti ń bi í pé ìgbà wo ló ń padà. Ibo ni mo fẹ́ gbé òmíràn sí?"

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń gé etí kọnkéré náà kó gún, kí tuntun lè rí nǹkan dì mọ́.

Ọjọ́ kan tí ìyàwó wa ò fẹ́ kó di méjì di ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kí wọ́n tó ra símẹ́ńtì da ẹnu géètì, kó sì gbẹ. Iṣẹ́ náà dáa nígbẹ̀yìn, nọ́ọ̀sì sì mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Ẹ̀gbọ́n mi lọ wọn ilẹ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan, ó wá jókòó sórí àpótí, ó ka gígùn, ìbú àti nínípọn.

Ìyàwó wa ò rán aṣọ kankan. Ó fara balẹ̀ ṣe é. "Mọ́kànlélógún. Mo ti fi èyí tó máa ṣòfò kún un."

"Ó dáa," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, ṣùgbọ́n kò dìde. Ó yíjú sí mi. "Àbúrò mi, ìwọ náà bá mi ṣírò rẹ̀ wò."

Mo fi ìka kà á títí, òógùn bò mí. Mọ́kànlélógún náà ni. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó jáde lọ.

Ìyàwó wa ń wò mí. Mo rí i pé èmi ló wá ń jowú báyìí. Lọ́tẹ̀ yìí, ó nídìí.