Ẹrẹ̀ Ẹ̀yìn Ọjà àti Ìbọ̀sẹ̀ Délé

Ọjọ́ tí a fi kẹ̀kẹ́ sáré ìje nínú ẹrẹ̀ ní Enugu ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé, nítorí ó ṣì ń rí mi lára. Ọmọ ilé ìwé girama ni mí nígbà náà. Iṣẹ́ ìjọba ló gbé bàbá mi débẹ̀.

Òjò rọ̀ mọ́jú. Kẹ̀kẹ́ wa kò ní jíà, bí òkè bá dé, agbára ẹsẹ̀ nìkan ló kù. Tíṣà wa ní ká gun kẹ̀kẹ́ láti ilé ìwé dé àdúgbò Uwani, ká sì gba ẹ̀yìn ọjà Ogbete padà. Níbẹ̀, gọ́tà ńlá kan dí ọ̀nà. Mo gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ èjìká, mo kó sínú rẹ̀, ẹsẹ̀ mi sì yọ̀. Omi dúdú tó kún fún ìfun ẹran àti tòmátì jíjẹrà wọ ẹnu mi.

"Ndo o!" ni ìyá aláta kan fi kí mi pẹ̀lẹ́ lédè Ìgbò, ó fi ìborùn bo imú. Mo bì, mo tún gun kẹ̀kẹ́.

Nígbà tí mo dé, Délé, ọmọ ọ̀rẹ́ bàbá mi, ti gba ife. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ funfun báláú! Títì ọlọ́dà ló gbà, kò gba ẹ̀yìn ọjà. Tíṣà wa tọ́ka sí i, ó ní ká wá wo bí ọmọlúàbí ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ láì dọ̀tí.

Nílé, màmá mi pariwo láti ẹnu ọ̀nà: "Dúró síbẹ̀! Ṣebí ìwọ àti Délé lẹ jọ lọ? Kí ló dé tí aṣọ tirẹ̀ mọ́ nígbà tó kọjá níbí?"

Ọṣẹ ti wẹ gọ́tà kúrò lára mi. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí mo bá rí ìbọ̀sẹ̀ funfun, èébì máa ń gbé mi.