Omi Tí Ìyá Mi Pọn Lọ́jọ́ Ìsọmọlórúkọ

Nígbà tí olè tú ẹ̀rọ tó ń fa omi nínú kànga aládùúgbò wa kan lọ, àwọn onílé àdúgbò wa ní Ẹdẹ pe ìpàdé, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ ìṣọ́ sílẹ̀. Alága wọn, tí tánkì omi rẹ̀ wà létí ọ̀nà níwájú ilé wa, ló gbé ìbọn ṣakabùlà bàbá rẹ̀ kalẹ̀ fún wọn. Òun náà ló ṣe òfin: ẹni yòówù tó bá ń kọjá kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ kí i lẹ́ẹ̀mẹta. Bí kò bá dáhùn, olè ni. Gbogbo wọn ní òfin náà dára. Ta ni ọmọ Yorùbá tí wọ́n máa kí tí kò ní dáhùn?

Ilé dé ilé ni ìbọn yìí ń lọ. Ìgbà tó kan ọkọ mi, mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi dùn mí. Ọmọ pásítọ̀ ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì ìjọ kan, kì í sì í ṣe ọmọ Ẹdẹ. Bí a bá fẹ́ pa adìẹ nínú ilé wa, yóò rántí ibi tó fẹ́ lọ. Ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó wo ara rẹ̀ nínú dígí.

"Ìyá ìkókó, báwo ni mo ṣe rí?"

Mo ní, "Ẹ dà bí ẹni tó ń bá ọdẹ ru ẹrù."

Àkọ́bí wa ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni nígbà náà. Ìyá mi ti oko wọn ní Alájùe wá bá mi wẹ̀ ẹ́. Wọ́n ń bọ Ọ̀ṣun, wọn kì í sì í fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni, àna wọn ọmọ pásítọ̀ náà mọ̀. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn gan-an. Ohun kan ṣoṣo tó máa ń sú ọkọ mi ni pé ìyá mi kì í dákẹ́. Wọ́n ń bá ewúrẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n ń bá ìkòkò sọ̀rọ̀, bí wọ́n bá sùn, wọ́n tún ń sọ ọ́ lójú oorun. Ká má parọ́, ó máa ń sú èmi náà.

Ìṣọ́ ọkọ mi bọ́ sí mọ́júmọ́ ìsọmọlórúkọ. Alága ní kó fi sílẹ̀, ó kọ̀. Ó ti di bàbá ọmọ, kò sí ohun tí kò lè ṣe mọ́.

Ohùn rẹ̀ ló jí mi. "Ẹ káàárọ̀ o!" Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán, ọyẹ́ sì bo òde. Mi ò gbọ́ èsì. "Ẹ káàárọ̀ o!" Mi ò gbọ́ nǹkan kan síbẹ̀. Mo na ọwọ́ sí orí ẹní ìyá mi, ẹní náà ṣófo.

Ìgbà yẹn ni mo rántí. Ní ìdílé tí wọ́n bí mi sí, omi Ọ̀ṣun la fi ń wẹ ọmọ lọ́jọ́ tó bá gba orúkọ, àfẹ̀mọ́júmọ́ la sì ń lọ pọn ọ́n. Ẹni tó lọ pọn ọ́n kò gbọdọ̀ fọhùn láti etí odò títí yóò fi gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ. Kò gbọdọ̀ kí ènìyàn, bí wọ́n bá kí i, kò gbọdọ̀ dáhùn. Bó bá sọ̀rọ̀ pẹ́nrẹ́n, omi náà ti di omi lásán. Ẹni tó bá dàgbà sí àdúgbò tí wọ́n ti bí mi mọ̀ pé ńṣe ni kí òun yà fún un. Ọkọ mi kò mọ̀. Èmi sì mọ ìyá mi: pẹ̀lú gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu wọn, bí wọ́n bá ti gbé omi yẹn rù, ìbọn kò lè gba ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu wọn.

Mo gbé ọmọ mọ́ àyà, mo sáré sí ojú fèrèsé. Ìyá mi rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ tánkì alága, aṣọ funfun bò wọ́n lórí, ìkòkò wà lórí aṣọ. Wọn ò lè sá nítorí omi, wọn ò lè sọ̀rọ̀ nítorí ọmọ mi. Ọkọ mi dojú ìbọn kọ wọ́n.

"Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé o! Ẹ káàárọ̀!"

Ẹ wo ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, olè ló ń fi ọ̀wọ̀ bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, mi ò rẹ́rìn-ín. Irú ẹ̀rù yẹn kò bà mí rí. Mo figbe ta: "Bàbá ìkókó! Ìyá mi ni o!"

Bó ti gbọ́ pé àna òun ni, kò ronú, kò gbé ìbọn kalẹ̀, ó kàn dọ̀bálẹ̀ ni. Ìdí ìbọn kanlẹ̀, ẹnu rẹ̀ yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó sì dún gbàà!

Tánkì alága di ajere. Omi tú sí ìyá mi lára látòkè délẹ̀. Wọn ò ké. Wọ́n nu ojú, wọ́n wo ọkọ mi tó dojú bo ẹrẹ̀, wọ́n juwọ́ sí i pé kó dìde, wọ́n sì wọlé wá. Wọ́n gbé ìkòkò kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ. Ọkọ mi ti wọ́ tẹ̀lé wọn, ó tún dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ìyá mi ní, "Ẹ káàárọ̀. Ẹ káàárọ̀. Ẹ káàárọ̀ o, bàbá ìkókó."

Wọ́n dá gbogbo rẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, wọn ò sì dákẹ́ títí àlejò tó kẹ́yìn fi lọ sílé.

Bí ìbọn ti dún ni alága ti fi ṣòkòtò nìkan sáré jáde. "Olè dà?"

Ọkọ mi ní, "Tánkì yín ni mo bà, sà."

A rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ yìí títí. Ìbọn padà sí àjà, iná tọ́ọ̀ṣì ni ẹgbẹ́ ìṣọ́ ń gbé báyìí, ojú ènìyàn ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ wò. Wọ́n lẹ àwọn ihò ara tánkì náà pa.

Nígbà tí ọmọ ti ń rìn, ìyá mi tún wá kí wa. Wọ́n dúró níbi tánkì náà, wọ́n ń fọ ẹrẹ̀ oko kúrò lẹ́sẹ̀, ọmọ di ìró wọn mú, wọ́n sì ń ròyìn ewúrẹ́ kan tó jẹ ẹ̀gẹ́ wọn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí i pé ojú ibi tí wọ́n lẹ̀ náà, níbi tí ọta ìbọn gbà wọlé, bá etí wọn dọ́gba. Ìtàn ewúrẹ́ náà gùn. Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀, mo fa àpótí sún mọ́ wọn, mo jókòó.

Mo ní, "Ìyá, kí ló tún ṣẹlẹ̀?"