Gwatidzo, Ìbátan Ẹfọ̀n

Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí Gwatidzo ti ń tọ ipasẹ̀ ẹfọ̀n nínú igbó Dande, kò sì tíì jẹ ẹran rẹ̀ rí. Orílẹ̀ Nyati ni wọ́n bí i sí, Nyati sì ni ẹfọ̀n. Ẹfọ̀n ni oríkì rẹ̀, ẹfọ̀n náà ni èèwọ̀ rẹ̀. Bó bá fi kan ẹnu, gbogbo eyín rẹ̀ ni yóò ká. Síbẹ̀, iṣẹ́ tí ayé gbé lé e lọ́wọ́ ni pé kó máa mú àwọn àlejò tó wọ ọkọ̀ òfurufú wá láti òkè òkun lọ bá àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ nínú igbó, kí wọ́n lè yìn wọ́n níbọn. Kí ènìyàn máa fi ìbátan ẹni wá oúnjẹ òòjọ́ kì í ṣe ohun tí à ń fi yangàn, òun náà kò sì fi yangàn rí. Bó bá ti kan ojú ẹsẹ̀ wọn láàárọ̀, á kúnlẹ̀, á pàtẹ́wọ́ jẹ́jẹ́, á ki ẹran náà, á tọrọ àforíjì, kó tó wá dìde tẹ̀ lé e.

Àwọn arúgbó akọ nìkan ni wọ́n ń pa. Akọ ẹfọ̀n tó bá ti dàgbà jù, àwọn ọ̀dọ́ a lé e kúrò nínú agbo. Á lọ máa gbé lẹ́bàá odò pẹ̀lú arúgbó kan tàbí méjì bíi tirẹ̀, ẹrẹ̀ á bo gbogbo ara wọn, irun á re lórí wọn, inú á sì máa bí wọn sí ohun gbogbo tó ń mí. Gwatidzo mọ̀ wọ́n ju bó ṣe mọ àwọn àna rẹ̀ lọ. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Láti ọdún méjì sẹ́yìn, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ojú rẹ̀ ló ń lọ. Ó kọ́kọ́ dà bí èéfín iná tí kò kúrò nílé. Nígbà tó yá, awọ funfun bo ẹyinjú méjèèjì, tó fi jẹ́ pé bí ènìyàn bá dúró jẹ́ẹ́, Gwatidzo kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí igi. Ṣùgbọ́n adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ìka rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́: bó bá tì í bọ inú ìgbẹ́ ẹfọ̀n, á sọ ìgbà tí ẹran náà kọjá. Imú rẹ̀ pé, etí rẹ̀ pé, ó ń gbọ́ àwọn ẹyẹ tí ń ṣa eégbọn lára ẹfọ̀n láti ọ̀nà jíjìn. Ìyá Maidei, ìyàwó rẹ̀, rò pé àgbà lásán ló ń jẹ́ kí ọkọ òun máa kọsẹ̀ lára àpótí.

Ẹ̀rù kan ló ń bà á, òun náà ni pé kí Ọ̀gá Pita mọ̀. Ọmọ òyìnbó tí wọ́n bí sí àfonífojì Dande yẹn ni Pita, Gwatidzo ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbé ẹsẹ̀ lé koríko gbígbẹ. Ní báyìí, Pita ló ń mú àwọn àlejò lọ sígbó, òun ló ń pinnu ẹni tí yóò ṣíwájú. Ọjọ́ tó bá mọ̀ pé ojú bàbá ti lọ, yóò sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kó lọ sinmi nílé. Gwatidzo mọ irú ìsinmi bẹ́ẹ̀. Ó ti rí i lẹ́bàá odò.

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀, ìyẹn Kapesa, sahwira rẹ̀. Sahwira kì í ṣe ọ̀rẹ́ tí ènìyàn yàn fúnra rẹ̀. Bàbá ló ń fi í sílẹ̀ fún ọmọ, ìdílé sí ìdílé. Sahwira rẹ lè bú ọ níwájú àna rẹ, o kò gbọdọ̀ bínú. Bí o bá kú, òun ni yóò tẹ́ ọ sínú ilẹ̀, òun ni yóò wọ aṣọ rẹ níbi ìsìnkú, tí yóò máa sọ̀rọ̀ bí o ṣe ń sọ̀rọ̀, títí àwọn tó ń sunkún á fi rẹ́rìn-ín. Orílẹ̀ Soko, ìyẹn ìdílé ìnàkí, ni Kapesa ti wá. Òun náà ń tọ ipasẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Ẹnu yẹn ni Gwatidzo fi ń ríran láti ọdún méjì, àṣé gbogbo èébú tí Pita ń fi rẹ́rìn-ín, ọ̀nà ló ń júwe.

Ní oṣù kẹwàá, nígbà tí oòrùn Dande ń yan ènìyàn bí ẹja, àlejò tó gbẹ̀yìn ọdún dé. Ọkùnrin sísanra kan ni, ó ń mí bí ewìrì alágbẹ̀dẹ. Ó ti sọ fún Pita pé àyè tí òun máa gbé orí ẹfọ̀n náà kọ́ sí lára ògiri ti wà nílẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ẹni tó yọ àyè sílẹ̀ lára ògiri fún ẹran tó ṣì ń jẹ koríko, kí la fẹ́ bá irú wọn sọ?

Wọ́n bá ojú ẹsẹ̀ létí odò Angwa kí oòrùn tó mú. Kapesa rí i, ó ṣí ẹnu.

"Nyati! Kúnlẹ̀, kí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ. Mẹ́ta ni wọ́n. Pátákò òsì iwájú ti kán lẹ́sẹ̀ ọ̀kan, ó ń wọ́ ọ bí bàbá rẹ ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ bó bá mutí dé."

"Bàbá mi kì í mutí, ìwọ ìnàkí. Bàbá tìrẹ ló ń jí àgbàdo olóko."

"Ó ń jí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀nà oko. Wò wọ́n bí wọ́n ṣe yà sósì lábẹ́ igi osè yẹn, bí ẹni tó rí àna lọ́ọ̀ọ́kán."

Pita bú sẹ́rìn-ín. Gwatidzo kúnlẹ̀, ó fi ìka wá etí ojú ẹsẹ̀ náà, ó bá ibi tó kán. Ó pàtẹ́wọ́, ó ki í, ó dìde, ó sì yà sósì lábẹ́ igi osè láì ṣe iyèméjì. Àlejò náà ní irú ojú báyìí, òun kò rí irú rẹ̀ rí láyé òun.

Nígbà tí wọ́n jókòó mu omi lábẹ́ igi mopani, Kapesa sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Òjò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí wọ́n bá ti ti àgọ́ ọdẹ pa, èmi àti ìwọ la jọ ń lọ bá dókítà ojú nílé ìwòsàn àwọn ìjọ."

"Má pariwo."

"Ta ló ń pariwo? Bẹ́ẹ̀ náà lo ṣe wí lọ́dún tó kọjá. Ó ti ń rẹ̀ mí, Nyati. Èébú ti fẹ́ tán nínú mi."

"Èébú ò lè tán nínú ìwọ láéláé."

"Ó lè tán. Jọ̀ọ́, jẹ́ ká lọ."

Láti kékeré tí wọ́n ti jọ wà, Gwatidzo kò gbọ́ "jọ̀ọ́" lẹ́nu ọkùnrin yìí rí. Ó ní ó dáa, àwọn á lọ. Tọkàntọkàn ló sì fi sọ ọ́.

Lọ́sàn-án gangan, wọ́n bá àwọn arúgbó mẹ́ta náà níbi tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí. Ìkánjú ni àlejò fi yìn ín. Ìbọn dún, ọta lọ sí ikùn, níbi tí kì í tètè pa ẹran. Ẹni tí pátákò rẹ̀ kán ló bà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ya wọ inú igbó ẹ̀gún tó dí pa. Pita gé ètè jẹ. Ó ní kí àlejò jókòó síbẹ̀ kó má mira, kí àwọn yòókù dúró títí oòrùn á fi yẹ̀.

Lẹ́yìn ẹfọ̀n tó fara gbọgbẹ́, ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀. Ní Dande, òfin mìíràn tún wà lórí ìyẹn: bí ọmọ Nyati bá ń tọ Nyati tó ń kú lọ, òun ni yóò ṣíwájú, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ já a níyàn, nítorí òkú ilé wọn ni. Ẹnu tí Gwatidzo fi ń ríran di pípadé. Nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni òun àti Kapesa ṣe ti bá ara wọn ṣàdéhùn pé bí ọwọ́ bá ti kàn án léjìká, kó dúró.

Ó ṣíwájú, Pita ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìbọn, Kapesa ló gbẹ̀yìn. Ó ń fi ìka tọ ẹ̀jẹ̀ lára ewé. Ẹ̀jẹ̀ náà lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, lẹ́yìn náà ó dín kù, lẹ́yìn náà ó tán. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ wá ilẹ̀, ó bá ojú ẹsẹ̀ kan tó jinlẹ̀, ó tẹ̀ síwájú. Ìgbà náà ni Kapesa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pita, ọwọ́ rẹ̀ sì kan Gwatidzo léjìká.

Ó dúró. Pita sì sún mọ́ ọn, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí i létí pé, "Ṣé ibí ni, Bàbá?"

Ọ̀rọ̀ ṣókí ni, ṣùgbọ́n iyèméjì wà nínú rẹ̀. Gwatidzo gbọ́ iyèméjì náà, ara rẹ̀ gbóná. Ọmọ tí òun kọ́ ní ìrìn! Ọwọ́ Kapesa tún kàn án, ó tẹ̀ ẹ́ gan-an lọ́tẹ̀ yìí. Gwatidzo ju èjìká, ó gbọn ọwọ́ náà dànù bí ẹni gbọn eṣinṣin. Ó mi orí fún Pita pé ibí ni, ó sì ń lọ.

Àṣé ẹsẹ̀ àwọn méjì tó kù ló ń tọ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ kíkán ti yà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ti yípo padà, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí òun fúnra rẹ̀ gbà kọjá, ó ń retí wọn. Kapesa rí ibi tó ti yà. Kò lè sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti gbọn ọwọ́ rẹ̀ dànù. Ló bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ wò ó.

Igi ṣẹ́. Gwatidzo gbọ́ ọ, ó gbọ́ ohùn kan bí ìgbà tí wọ́n bá ju àpò ọkà sílẹ̀, ó gbọ́ ìbọn Pita lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹkún ẹfọ̀n tó ń kú ló kù. Ó dúró sí ojú kan, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kò mọ ibi tí yóò kọrí sí. Pita kò wo ẹ̀yìn rí i.

Nínú ọkọ̀, orí Kapesa wà lórí itan Gwatidzo. Ọ̀nà ilé ìwòsàn jìn.

"Nyati," ni Kapesa wí.

"Má sọ̀rọ̀."

"Wọ́n á máa pè mí ní ènìyàn dáadáa níbi ìsìnkú. Má gbà fún wọn." Ó wú ikọ́. "Ṣe mí bí mo ṣe rí gan-an. Má ṣe mí lábọ̀."

Kí wọ́n tó débi afárá, ó ti kú.

Gbogbo ènìyàn ló wá ń rẹ Gwatidzo lẹ́kún. Pita di ọwọ́ rẹ̀ mú ní àgọ́, ó ní, "Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi, Bàbá. Ẹfọ̀n ni ẹfọ̀n ń jẹ́." Ìyá Maidei gbé sadza, ìyẹn òkèlè àgbàdo, àti ẹja gbígbẹ síwájú rẹ̀, ó tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohunkóhun. Bó bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà ti bá Kapesa wọlẹ̀ lọ, Pita á tún pè é lọ́dún tó ń bọ̀. Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣòwe, òkodoro ni.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbẹ́ sàréè sẹ́yìn àká ọkà. Àwọn ìbátan Soko dìde lọ́kọ̀ọ̀kan: Kapesa jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́, Kapesa jẹ́ onísùúrù. Onísùúrù kẹ̀? Gwatidzo jókòó, ó ń gbọ́ irọ́. Wọ́n wá gbé ẹ̀wù òkú fún un, pẹ̀lú fìlà rẹ̀ tó ti ya létí. Òórùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀wù náà. Ó wọ̀ ọ́, ó dìde, ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí Kapesa ṣe máa ń tẹ̀, ó ṣí ẹnu, ohùn Kapesa sì jáde.

"Ta ló ń pè mí ní onísùúrù? Ẹ̀yin òpùrọ́! Ṣé ẹ ti fún àwọn tó gbẹ́lẹ̀ lọ́tí, àbí èmi ni kí n dìde lọ pọn ọ́n?"

Agbo ìsìnkú bú sẹ́rìn-ín. Opó pàápàá rẹ́rìn-ín sínú omijé.

"Gwatidzo dà? Nyati, ìbátan màlúù! Ẹ wò ó, ẹ ń pè é ní olójú idì. Olójú wo? Ojú rẹ̀ ti fọ́ láti ọdún méjì! Ẹnu èmi ló fi ń rìn. Mo ní yà sósì, ó yà sósì. Bí mo bá ní kó wọ inú odò, á wọ̀ ọ́."

Ẹ̀rín ta. Ẹnì kan kígbe pé, "Kapesa gan-an nìyẹn!" Ìyá Maidei nìkan ni kò rẹ́rìn-ín mọ́, ó rántí àpótí tí ọkọ rẹ̀ ń kọsẹ̀ lára.

"Mo gbé ọwọ́ lé e léjìká. Mo gbé e lé e lẹ́ẹ̀kejì. Ojú ń ti bàbá, nítorí Pita ń wò ó, ó gbọn ọwọ́ mi dànù. Mo bẹ̀ ẹ́ lábẹ́ igi mopani, mo ní jọ̀ọ́..."

Ohùn Kapesa já níbẹ̀. Ohùn tó kù jẹ́ ti Gwatidzo. Àwọn kan ṣì ń rẹ́rìn-ín nítorí wọn kò tètè mọ̀ pé eré ti parí. Pita, tó gbọ́ èdè náà bí ọmọ ilẹ̀, ṣí fìlà rẹ̀, ó sì ń wo ilẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Gwatidzo ń sunkún, kò sì rí nǹkan kan. Iṣẹ́ kan ló kù fún sahwira, kó sọ̀kalẹ̀ lọ gba òkú nínú ilẹ̀. Ó na ọwọ́ síwájú lójú gbogbo ayé, ó ń fi ẹsẹ̀ wá ọ̀nà, ó sì ń lọ síhà ọ̀dọ̀ àká, kì í ṣe síhà ọ̀dọ̀ sàréè. Ẹ̀rín tó kẹ́yìn kú.

Opó dìde lórí ẹní. Ó rìn títí ó fi dé ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká. Gwatidzo dúró.

"Ọ̀tún, Bàbá Maidei," ló wí. "Yà sọ́tùn-ún díẹ̀. Kòtò wà níwájú rẹ."